Ọjọ́ Orí Kọ́ Ló Ń Pa Ẹ́ńjìnnì Dísù: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Gómìnà àti Àwọn Aláṣẹ Ìpínlẹ̀ Kogi

Ọlọ́lá jùlọ, Gómìnà Ìpínlẹ̀ Kogi, ẹ̀yin kọmíṣọ́nnà, ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀, àti ẹ̀yin àgbà gbogbo tí ọ̀ràn ọkọ̀ àti ojú ọ̀nà wà ní ìkáwọ́ yín,

   

Ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀ ni mí. Mẹkáníìkì ẹ́ńjìnnì dísù ni mí. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀ lọ́jọ́ 27 oṣù Kẹjọ 1991, tí wọ́n sì fi Lọ́kọ́ja ṣe olú-ìlú, mo kó irinṣẹ́ mi sínú àpótí, mo ní ilé ti tó lọ. Láti ìgbà náà, ọwọ́ mi kò tíì kúrò nínú ọ́ìlì. Mo ní bọ́ọ̀sì kan tèmi, Mercedes 207, tí ìyàwó mi fi ń kó iṣu àti gàrí láti Kábà wá sí ọjà Kpata ní Lọ́kọ́ja. Iṣẹ́ bọ́ọ̀sì yìí ló rán ọmọ mi mẹ́ta lọ sílé ìwé.

Ohun tó gbé mi dìde nìyí. Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n pè wá sí ìpàdé kan ní gáréèjì lórí ààbò ojú ọ̀nà. Òṣìṣẹ́ kan dìde láàárín wa. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ọ́fíìsì tó ti wá. Ó ní bọ́ọ̀sì dísù yòówù tó bá ti ju ogún ọdún lọ, kí wọ́n máa wọ́ ọ kúrò lójú títì, nítorí àlòkù irin ni. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Mo dákẹ́ lọ́jọ́ náà nítorí àwọn tó jù mí lọ wà níjòókòó, ṣùgbọ́n ìdákẹ́ yẹn kò jẹ́ kí n sùn dáadáa mọ́. Mo wá sọ́dọ̀ yín kí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnì kan má baà di òfin lọ́la kí ẹnikẹ́ni tó bi àwa tí a ń tú ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí léèrè ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí à ń pè ní ẹ́ńjìnnì dísù. Ọmọ Jámánì kan, Rudolf Diesel, ló gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1893, ó sì di 1897 kí èyí tó ṣiṣẹ́ dáadáa tó jáde. Kò ní pọ́lọ́ọ̀gì tó ń ṣáná bíi ti bẹntiróòlù. Afẹ́fẹ́ lásán ni písítìnì ń fún mọ́ra títí yóò fi gbóná débi pé bí epo bá ti fọ́n sí i, epo náà yóò gbiná fúnra rẹ̀. Níbi ìpàtẹ àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Paris ní 1900, epo ẹ̀pà ni wọ́n fi wa ọ̀kan nínú irú ẹ́ńjìnnì náà. Ọdún 1900 yìí kan náà, lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní, ni wọ́n sọ àsíá Royal Niger Company kalẹ̀ níhìn-ín ní Lọ́kọ́ja tí wọ́n sì ta ti ọba Gẹ̀ẹ́sì sókè. Ẹ rí i pé nǹkan àtijọ́ ni gbogbo ẹ́ńjìnnì dísù ayé, àti èyí tó jáde láná òde yìí. Bákan náà ni gbogbo wọn ṣe ń mí.

Irú bọ́ọ̀sì tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Jámánì ní 1977. Síìlíńdà mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, lítà 2.4, irin ni tọ́ọ̀pù rẹ̀, kì í ṣe alumíníọ̀mù. Àwọn tó ṣe é ṣe é kí ó ṣeé tú ni. Bí síìlíńdà bá jẹ, a lè bóòrì rẹ̀ kí a fi písítìnì tó tóbi díẹ̀ sí i. Bí ó bá tún jẹ, a lè fa sílíìfù rẹ̀ yọ kí a ki tuntun bọ̀ ọ́. Mo ti rí èyí tí wọ́n ti tú lẹ́ẹ̀mẹta tó sì ń gbé ẹrù lọ láìṣe èéfín. Mo tún ti rí bọ́ọ̀sì tókùnbọ̀ tí kò tíì pé ọdún kan nílẹ̀ yìí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti nọ́ọ̀kì. Ọjọ́ orí kọ́ ló pa ìkejì. Ohun tí wọ́n dà sí i ló pa á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti 2022 fún yín.

Gbogbo yín lẹ rántí ọdún náà. Odò Ọya àti Odò Bénúé jọ kún, omi tí wọ́n tú sílẹ̀ ní dáàmù Lagdo ní Kamẹrúùnù tún wá lé e lórí. Ó lé ní 600 èèyàn tí ìkún-omi ọdún yẹn pa káàkiri Nàìjíríà. Ọ̀nà Ganaja ní Lọ́kọ́ja di odò. Ní Koton-Karfe, omi gé ọ̀nà Àbújá. Bọ́ọ̀sì mi wà ní àgbàlá ìbátan wa kan ní Ganaja, èmi sì wà ní Kábà. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rí i pé omi ti ń bo táyà, ó fò wọ inú ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́ kó lè gbé e gun òkè. Inú rere ló fi ṣe é, n kò bá a wí. Ẹ́ńjìnnì yí lẹ́ẹ̀kan péré, ó dún gbì, ó dúró.

Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, omi kò ṣeé fún pọ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì yìí, písítìnì ń fún afẹ́fẹ́ títí yóò fi ku ìdá kan nínú mọ́kànlélógún. Bí omi bá wà níbi tí afẹ́fẹ́ yẹ kó wà, irin kan gbọ́dọ̀ tẹ̀. Ọ̀pá tó so písítìnì mọ́ kìráńkì ló tẹ̀ nínú tèmi.

Nígbà tí omi fà, tí a fa ọkọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù, mo tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Ohun tó dà jáde dà bíi kókó tí wọ́n bu mílíìkì sí. Wọ́n ní kí n tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù irin. Mo ní rárá. Mo tú u palẹ̀ dé orí kìráńkì, mo fi dísù fọ ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tò wọ́n sórí àpò sìmẹ́ńtì tí mo là, mo fi àmì sí ara wọn kí ti síìlíńdà kìn-ín-ní má baà lọ bá ti ìkejì. Ọ̀pá síìlíńdà kẹta ló tẹ̀. Bó ṣe tẹ̀ kò ju sísanra èékánná lọ, ojú kò lè rí i. Orí gíláàsì tó tẹ́jú ni mo gbé e lé kí n tó mọ̀. Ẹni tí kò bá ní sùúrù, tó kàn pààrọ̀ ọ́ìlì tó sì tún yí kọ́kọ́rọ́, ọ̀sẹ̀ kejì ni ọ̀pá yẹn yóò yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló kú bẹ́ẹ̀ ní Lọ́kọ́ja lẹ́yìn ìkún-omi náà, tí àwọn tó ni wọ́n sì ń sọ pé ogbó ló pa wọ́n.

Ibi tí ìyà ti wá bẹ̀rẹ̀ nìyí. Mo wá ẹni tí yóò bóòrì bùlọ́ọ̀kù náà fún mi, tí yóò ki sílíìfù tuntun bọ̀ ọ́, tí yóò sì fi ẹ̀rọ wọn páńpù tó ń ti epo sí nọ́sù, ìyẹn ẹnu tó ń fọ́n epo. Mo béèrè títí, n kò rí ẹni tí irinṣẹ́ rẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn. Mo wé bùlọ́ọ̀kù sínú àpò, mo gbé e wọ ọkọ̀ èrò, ó di Ìbàdàn, nílé ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ tí mo bọ̀. Ẹ̀yin àgbà wa, ọkọ̀ tó ń ti gúúsù lọ sí Àbújá ń gba iwájú ilé wa kọjá tọ̀sán-tòru, táńkà, tírélà, bọ́ọ̀sì, tí a kò lè ka iye wọn. Ìlú tí irú ọkọ̀ báyìí ń gbà kọjá kò yẹ kí ó máa gbé bùlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì lé orí itan nínú ọkọ̀ èrò.

Nígbà tí irin padà dé, mo dì í. Ẹ gbọ́ bí a ti ń dì í, kí ẹ lè mọ̀ pé a kì í fi ìméfò ṣe é. Àyè tó wà lórí fáàfù tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, 0.10 mìlímítà, ti èyí tó ń tú èéfín jáde, 0.30, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Páńpù gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ti epo nígbà tí kìráńkì bá ku digíríì 24 kí písítìnì tó dé òkè. Nọ́sù gbọ́dọ̀ ṣí láàárín 115 sí 125 bar. Èyí tó bá ń kán tótó dípò kó fọ́n bí ìrì, n kì í dá a padà sínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀yìn ìyẹn la ń wọn bí síìlíńdà ti ń fún afẹ́fẹ́ sí. Èyí tó péye máa ń wà láàárín 22 sí 24 bar. Bó bá ti wálẹ̀ dé 15, ó ti rẹ̀ ẹ́ nìyẹn, ìyàtọ̀ àárín síìlíńdà kan sí òmíràn kò sì gbọdọ̀ ju 3 lọ. Tèmi jẹ́ 23 nínú mẹ́ta, 22 nínú ẹ̀kẹrin. Láti oṣù Kejì 2023 tó ti jí, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló ń lọ sí Kábà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí mo ti ń to ẹ̀bẹ̀ mi sílẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ má fi ọdún dá ọkọ̀ lẹ́jọ́. Ẹ fi ara rẹ̀ dá a lẹ́jọ́. N kò sọ pé kí ẹ fi ọkọ̀ búburú sílẹ̀ lójú títì o. Kò sí ọmọ Lọ́kọ́ja tó gbàgbé ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 2020 ní Felele, nígbà tí táńkà epo kan sọ ìjánu nù tó sì ya lu àwọn ọkọ̀ mìíràn. Ó lé ní ogún ẹ̀mí tó bá a lọ, akẹ́kọ̀ọ́ wà lára wọn. Ìròyìn ní bíréèkì ló kọ̀. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ nípa bíréèkì àwọn bọ́ọ̀sì dísù bíi tèmi. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ń fa afẹ́fẹ́ lọ́nà tó fi ń ran bíréèkì lọ́wọ́. Ti dísù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Páńpù kékeré kan ni ẹ́ńjìnnì ń yí láti fa afẹ́fẹ́ fún bíréèkì. Bí páńpù yẹn bá rẹ̀, tàbí tí ẹ́ńjìnnì bá kú lórí ìrìn tí awakọ̀ sì ń tẹ bíréèkì léraléra, bíréèkì yóò le bí òkúta lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ wá rò ó wò pé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Felele ló wà pẹ̀lú èrò mẹ́rìnlá lẹ́yìn. Títọ́jú ẹ́ńjìnnì àti dídá ẹ̀mí sí kò yàtọ̀ síra. Kí àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò máa yẹ páńpù yìí wò. Kí wọ́n mọ èdè èéfín: dúdú túmọ̀ sí pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, àwọ̀ búlúù túmọ̀ sí pé ọ́ìlì ti ń gba ẹ̀gbẹ́ ríǹgì wọlé, funfun tí kì í tán lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá gbóná, epo tí kò jó ni, tàbí omi láti inú rédíétọ̀. Ẹni tó bá mọ mẹ́ta yìí yóò mọ ọkọ̀ tó yẹ kó dúró, ìbáà ṣe ti ogún ọdún tàbí ti ọdún méjì.

Ẹ̀bẹ̀ kejì ni ti epo, òun ló sì wúwo jù lọ́kàn mi. Nínú páńpù dísù, irin méjì ń fò lára ara wọn, àyè àárín wọn kéré gan-an sí fọ́nrán irun orí kan. Dísù fúnra rẹ̀ ni ọ́ìlì tí wọ́n ń lò. Bí omi bá wọ ibẹ̀, ìpata dé, ó tán. Gbogbo ìgbà tí mo bá ra dísù, mo máa ń bu díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ gaara, màá gbé e kalẹ̀ di òwúrọ̀. Omi wúwo ju dísù lọ, ìsàlẹ̀ ni yóò jókòó. Lọ́dún kan lójú òjò, omi tó tó ìka méjì ni mo rí nídìí ìgò. N kò ní dárúkọ ilé epo náà, nítorí ẹjọ́ kọ́ ni mo wá rò. Mo kàn ń bẹ̀bẹ̀ kí ìjọba bá àjọ NMDPRA, tí ọ̀rọ̀ ilé epo wà lọ́wọ́ rẹ̀, sọ̀rọ̀, kí wọ́n máa wọn ìdí táńkì abẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ìkún-omi, kí wọ́n sì lẹ àbájáde mọ́ ara páńpù níbi tí awakọ̀ yóò ti kà á.

Ọ̀rọ̀ imí-ọjọ́ inú epo tún wà níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2016, Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Gánà àti Côte d'Ivoire fẹnu kò ní Àbújá pé àwọn kò fẹ́ dísù onímí-ọjọ́ púpọ̀ mọ́. Ṣáájú ìgbà náà, ìdá 3,000 nínú mílíọ̀nù kan ni òfin wa gbà láyè. 50 ni wọ́n fẹnu kò sí. Ẹ̀yin tí ẹ kì í tú ẹ́ńjìnnì lè rò pé ọ̀rọ̀ èéfín nìkan ni. Nígbà tí imí-ọjọ́ bá jó tó sì pàdé ooru omi, ó ń di ásíìdì, ásíìdì yẹn ló ń jẹ ríǹgì àti sílíìfù. Ọ́ìlì rere ní oògùn tó ń pa ásíìdì náà. Ayédèrú ọ́ìlì kò ní i. Ẹ wá fi epo burúkú pẹ̀lú ayédèrú ọ́ìlì sínú ẹ́ńjìnnì kan náà, kí ẹ sì dá ọjọ́ orí lẹ́bi! Ẹ jọ̀wọ́, kí àjọ SON, tó ń rí sí ìjójúlówó ọjà, máa bá wa wọ ọjà tí wọ́n ti ń ta ọ́ìlì, kí wọ́n má sì dúró dìgbà tí ẹnì kan bá kọ̀wé.

Ẹ̀kẹta: ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ. Mo ń bẹ̀ yín, ẹ ra ẹ̀rọ tó ń bóòrì síìlíńdà, èyí tó ń lọ kìráńkì, àti tábìlì tí a fi ń wọn páńpù àti nọ́sù, kí ẹ gbé wọn sí Kogi State Polytechnic, kí ẹ sì ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún àwa mẹkáníìkì lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀. A ó sanwó. Ìwé ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi kọ́ ọ, ọwọ́ ni àwa yóò fi hàn wọ́n. Kí ẹ sì ran àwọn ọmọ iṣẹ́ wa lọ́wọ́ kí wọ́n lè jókòó fún ìdánwò NABTEB lórí iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Mo ní ọmọ iṣẹ́ kan tó lè fi etí nìkan sọ nọ́sù tó ń ṣe àìsàn, ṣùgbọ́n kò sí bébà kan lọ́wọ́ rẹ̀ tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹrin kò gba àlàyé. Ọdọọdún ni àjọ NIHSA, tó ń ṣọ́ omi odò, ń kéde ibi tí omi yóò dé. Ẹ yan pápá kan lókè fún ọkọ̀ àwọn ará Ganaja, Adankolo àti Kabawa, kí ẹ fi ẹ̀ṣọ́ síbẹ̀, kí ẹ sì kéde rẹ̀ kí oṣù Kẹjọ tó parí. Ìkún-omi 2012 kọ́ wa, ti 2022 tún un kọ́. Ẹ kéde pẹ̀lú pé kí ẹnikẹ́ni má yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tí omi bá ti bò.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, mo bẹ̀ yín, ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ kan lẹ́nu ọmọ yín. Bí ẹ bá wọ́ bọ́ọ̀sì àtijọ́ kúrò lójú títì láìwo inú wọn, wọn kò ní lọ sí ààtàn. Wọn yóò máa fi òru rìn, wọn yóò gba ọ̀nà oko, láìsí iná, láìsí ẹni tí yóò yẹ̀ wọ́n wò. Àwọn kan yóò yọ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n mọ ìtàn rẹ̀ kúrò, wọn yóò ra tókùnbọ̀ tí kò sí ẹni tó mọ ibi tó ti wá. Iṣu yóò gbówó lórí sí i ní Kpata, àwọn obìnrin ọjà ni yóò sì kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yín ìdí rẹ̀. Èmi náà yóò bá wọn béèrè.

Mo ṣetán láti bá ẹnikẹ́ni tí ẹ bá rán ṣiṣẹ́. Kó wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà, kó má jẹun tán kó tó dé. Màá ṣí bónẹ́ẹ̀tì 207 mi fún un, màá fi ohun tí a fi ń wọn síìlíńdà sí i lọ́wọ́, kó fúnra rẹ̀ wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn náà, a ó jọ gbé ìgò méjì lọ sí ilé epo yòówù tó bá wù ú.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Mẹkáníìkì dísù kan, Lọ́kọ́ja.